Kí ẹ tó ra alternator míì: bí a ṣe ń wọn ọ́n, bí a ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀, àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀

Iná pupa tó ní àwòrán bátìrì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọkọ̀ wà ní Òkè-Fíà l'Òṣogbo, ilẹ̀ ti ń ṣú, iná iwájú sì ń ṣe bàìbàì bíi fìtílà tí epo ń tán nínú rẹ̀. Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu ẹni tó bá ṣí bónẹ́ẹ̀tì ni pé, "Alternator ti kú, ẹ lọ ra òmíràn wá." Ó lè jẹ́ pé alternator, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná fún ọkọ̀, ló kú lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ orí bátìrì tó dẹ̀, bẹ́líìtì tó ń yọ̀, tàbí fíúùsì kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí ìtọ́sọ́nà yìí fi bẹ̀rẹ̀ láti orí mítà, tí sípánà sì tẹ̀lé e. Mítà kékeré aláwọ̀ ìyẹ́lò tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe ń lò tó fún èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, owó rẹ̀ kò sì jẹ́ nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó alternator tòkunbọ̀.

Iṣẹ́ tó ń ṣe

Bátìrì ló ń jí ẹ́ńjìnì. Bí ẹ́ńjìnì bá ti jí tán, alternator ló ń gbé gbogbo iná ọkọ̀, láti orí púlọ́ọ̀gì títí dé fáànù, òun náà ló sì ń dá ohun tí kíkì sítátà jẹ padà sínú bátìrì. Bẹ́líìtì tó wá láti ara ẹ́ńjìnì ń yí púlì rẹ̀, eré rẹ̀ sì tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta eré ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀.

Rótọ̀ ló ń yí láàárín inú rẹ̀. Búrọ́ṣì kábọ́ọ̀nù méjì tí kò tó ìka ọmọdé ń fara kan òrùka bàbà méjì lẹ́yìn rótọ̀ náà, ibẹ̀ ni iná díẹ̀ ń gbà wọlé tó fi ń di mágínẹ́ẹ̀tì. Wáyà bàbà tí wọ́n wé yí i ká, tí a ń pè ní sítétọ̀, ló ń mú iná jáde. Iná yẹn ń lọ ó ń bọ̀ bíi ti NEPA, bátìrì kò sì lè gba irú rẹ̀. Dáyóòdù, ó kéré tán mẹ́fà, ló ń fipá mú un kí ó máa ṣàn sí ọ̀nà kan. Régúlétọ̀ ló ń ṣọ́ fóòtì rẹ̀ kí ó má pọ̀ jù, kí ó má kéré jù. Ẹ fi bẹ́árìn méjì tó gbé rótọ̀ dúró kún un, ẹ ti mọ gbogbo ohun tó lè bàjẹ́ níbẹ̀.

Ohun tí iná pupa yẹn ń sọ

Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń tàn, ẹ má tíì jí ọkọ̀. Iná bátìrì gbọ́dọ̀ tàn. Bí kò bá tàn, ẹ má dúpẹ́ o: gílóòbù rẹ̀ ti jó, tàbí fíúùsì kan ti já, tàbí wáyà tó ti ibẹ̀ lọ sẹ́yìn alternator ti gé. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ọ̀nà yẹn gan-an ni alternator fi ń mọ̀ pé àsìkò iṣẹ́ ti tó. Alternator tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè jókòó láìṣiṣẹ́ nítorí gílóòbù kékeré kan.

Bí ẹ́ńjìnì bá jí, iná náà gbọ́dọ̀ kú pátápátá. Bó bá ń tàn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, tó fi jẹ́ pé ẹ ní láti fọwọ́ ṣíji bo dáṣíbọ́ọ̀dù kí ẹ tó rí i, dáyóòdù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bó bá ń tàn nígbà tí ọkọ̀ dúró, tó ń kú nígbà tí ẹ bá fẹsẹ̀ tẹ tọ́rọ́tù kí ẹ́ńjìnì sáré sí i, búrọ́ṣì ti ń tán lọ tàbí bẹ́líìtì ti dẹ̀. Bẹ́líìtì tó bá dẹ̀ sábà máa ń ké láàárọ̀ tàbí lásìkò òjò, òórùn rọ́bà jíjóná a sì tẹ̀ lé e.

Bẹ́árìn kì í tan iná kankan. Híhó ló máa ń hó, bíi ọlọ tí wọ́n ń lọ ata gbígbẹ lórí rẹ̀, ariwo náà a sì máa ga bí ẹ́ńjìnì bá ṣe ń sáré sí i.

Wíwọ̀n: ibi tí òótọ́ wà

Ẹ gbé mítà sí 20 V ti iná tó ń lọ lọ́nà kan, èyí tí wọ́n fi ìlà gbọọrọ kan àti ìlà kéékèèké sábẹ́ V rẹ̀. Wáyà pupa sórí pọ́sítíìfù bátìrì, dúdú sórí nẹ́gẹ́tíìfù. Ara òjé bátìrì fúnra rẹ̀ ni kí ẹnu mítà kàn, kì í ṣe ara irin tó dì í mú.

1. Láàárọ̀, kí ẹ tó jí ọkọ̀, kí gbogbo iná wà ní pípa. 12.6 V túmọ̀ sí pé bátìrì kún. 12.4 V jẹ́ nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. 12.2 V jẹ́ ààbọ̀. Bó bá ti wá sísàlẹ̀ 12, òfìfo ni. Bí ohun tí ẹ rí bá kéré sí 12.2, ẹ gbé bátìrì lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣáàjì bátìrì kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Bátìrì tó ti kú yóò jẹ́ kí alternator tó dáa dà bí ẹni tó ti rẹ̀.

2. Ẹ jí ọkọ̀, ẹ jẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì. Mítà yẹ kó wà láàárín 13.8 sí 14.5 V. Bó bá wà níbi tó wà kí ẹ tó jí ọkọ̀, tó tún ń rọra lọ sílẹ̀, kò sí ṣáàjì rárá. Bó bá kọjá 15 V, régúlétọ̀ ti já ìjánu: omi bátìrì yóò máa hó, gílóòbù iwájú yóò sì máa jó lemọ́lemọ́. Ẹ má fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rìn títí di ọ̀la.

3. Ẹ tan iná iwájú, ẹ gbé fáànù AC sókè pátápátá, kí ẹnì kan sì di ẹ́ńjìnì mú ní nǹkan bí 2,000 lójú RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan). Kò yẹ kó wá sísàlẹ̀ 13.2 V. Bó bá wà ní 14 láìsí ẹrù (ìyẹn iná àti fáànù tí ẹ tàn), tó ṣubú sí 12.6 nígbà tí ẹrù dé, ó ṣeé ṣe kí dáyóòdù kan ti lọ, kí búrọ́ṣì ti tán, tàbí kí bẹ́líìtì máa yọ̀ lábẹ́ ẹrù.

4. Ìdánwò kẹrin yìí ni wọ́n sábà máa ń fò, òun náà ló sì ń gba owó tó pọ̀ jù là. Pẹ̀lú gbogbo iná ní títàn, tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, ẹ fi wáyà pupa mítà kan bóòtù ńlá tó wà lẹ́yìn alternator, èyí tí wáyà tó nípọn jù so mọ́, kí ẹ fi dúdú kan pọ́sítíìfù bátìrì. Ẹ ṣọ́ra fún bẹ́líìtì àti fáànù rédíétọ̀ tó ń yí. Ohun tí mítà bá kọ kò gbọdọ̀ ju 0.3 V lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀kan kan ara irin alternator, èkejì sórí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì: kò gbọdọ̀ ju 0.2 V. Bí alternator bá ń pèsè 14.3 V tí 12.9 péré ń dé bátìrì, ojú ọ̀nà ni olè wà, kì í ṣe nílé. Ẹ wo wáyà tó nípọn yẹn, ẹ wo wáyà ilẹ̀ tó so ẹ́ńjìnì mọ́ bọ́dì ọkọ̀, ẹ wo ibi tí ìpẹtà aláwọ̀ ewé ti hù sí.

5. Dáyóòdù. Ẹ yí mítà sí V ti iná tó ń lọ tó ń bọ̀, kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́, kí iná iwájú wà ní títàn. Bó bá kọjá 0.5 V lórí bátìrì, dáyóòdù ń jẹ́ kí iná tí kò mọ́ kọjá. Àmọ́ ọgbọ́n kan wà ńbẹ̀: ọ̀pọ̀ nínú àwọn mítà ìyẹ́lò yẹn yóò kọ nǹkan bí 28 síbẹ̀, ẹ̀rù á sì ba yín. Ẹ pààrọ̀ wáyà pupa àti dúdú. Bó bá di òdo, mítà ló ń parọ́. Ẹni tí mítà rẹ̀ bá rí báyìí lè lo ọwọ́: ẹ pa ọkọ̀ lálẹ́, kí ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn alternator láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Irin tó sùn síta láti alẹ́ yẹ kó tutù. Bó bá lọ́wọ́ọ́wọ́, dáyóòdù ti ń fa bátìrì mu ní gbogbo òru.

Ẹni tó ń wa Honda gbọ́dọ̀ mọ èyí: ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń mọ̀ọ́mọ̀ dín ṣáàjì kù sí nǹkan bí 12.5 V nígbà tí ẹrù iná kò pọ̀, kí epo má bàa lọ púpọ̀. Ẹ tan iná iwájú àti fáànù kí ẹ tó wọn ọ́n. Bó bá fò sókè ju 14 lọ, kò sí nǹkan tó ṣe é.

Ẹ má yọ orí bátìrì nígbà tí ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́

A ya èyí sọ́tọ̀ nítorí pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é. Wọ́n á jí ọkọ̀, wọ́n á fa orí bátìrì kan yọ, wọ́n á ní, "Ṣé ẹ rí i? Ọkọ̀ ò kú, alternator dáa nìyẹn." Ní ayé ọkọ̀ oní-kábúrétọ̀, ó ṣeé mú jẹ. Bátìrì ni ìkòkò ńlá tó ń gba iná tó bá ṣàn ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹ bá gbé ìkòkò yẹn kúrò lójijì, iná tí rótọ̀ ń fà jáde kò rí ibi tí yóò dà sí, fóòtì rẹ̀ sì lè fò kọjá 40 kí régúlétọ̀ tó rí i mú. Dáyóòdù a lọ, régúlétọ̀ a lọ, brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì, náà lè bá a lọ. Alternator tó dáa nígbà tí wọ́n ń dán an wò a sì di èyí tó bàjẹ́ nítorí ìdánwò náà. Bí ẹnikẹ́ni bá na ọwọ́ síbẹ̀, ẹ fohùn pẹ̀lẹ́ dá a dúró: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mítà ni kẹ́ ẹ lò."

Ohun mẹ́rin tí kò náni lówó

Orí bátìrì: ẹ fọwọ́ yí i. Bó bá mì, ó dẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú funfun tàbí aláwọ̀ ewé tó hù síbẹ̀, ẹ da omi gbígbóná tí ẹ po sódà ìdáná díẹ̀ mọ́ lé e lórí, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á títí yóò fi dán.

Bẹ́líìtì: ẹ pa ẹ́ńjìnì, kí ẹ yí inú rẹ̀ síta. Bó bá ti sán wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń dán bíi bàtà tí wọ́n kùn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Epo tàbí omi pawa sitíà tó bá kàn án kò ní jẹ́ kó di púlì mú mọ́.

Fíúùsì: ńlá kan wà nínú àpótí abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ ALT sí, tí ó sábà máa ń jẹ́ 100 A nínú ọkọ̀ Toyota kékeré. Ẹni tó bá ti gbé wáyà jọ́ḿpà sórí bátìrì lódìlódì rí, kó lọ wo ibẹ̀ kíákíá. Àwọn kékeré tí wọ́n kọ ALT-S, GAUGE tàbí METER sí náà wà, bó bá jẹ́ pé ọkọ̀ yín ní wọn.

Púlọ́ọ̀gì wáyà lẹ́yìn alternator: nínú ọ̀pọ̀ Toyota, wáyà IG, S àti L ló ń wọ inú rẹ̀. S gbọ́dọ̀ ní fóòtì bátìrì nígbà gbogbo, kódà tí kọ́kọ́rọ́ kò sí níbẹ̀. IG gbọ́dọ̀ ní in bí ẹ bá ti yí kọ́kọ́rọ́. L ni ti iná bátìrì ojú dáṣíbọ́ọ̀dù. Èyí tí kò bá ní iná, ẹ tọ wáyà rẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá ti wo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí kò sí àṣìṣe, tí mítà ṣì kọ̀, ó tó àkókò láti gbé sípánà.

Yíyọ rẹ̀: Corolla 2003 sí 2007

A mú ọkọ̀ yìí torí pé ó pọ̀ nílùú, ọ̀nà rẹ̀ sì jọ ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mìíràn. Alternator rẹ̀ wà níwájú ẹ́ńjìnì, lápá ibi tí bẹ́líìtì wà. Irinṣẹ́: sípánà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì 10, 12, 14 àti 19, ọ̀pá gígùn fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, sukurudiráfà pẹlẹbẹ kan, àti WD-40 tàbí epo tó ń tú ìpẹtà. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù, wákàtí kan ó kéré jù; páìpù omi rédíétọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ yọ nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì pẹ̀lú 10, kí ẹ sì fi aṣọ wé e kó má bàa padà kàn án. Bóòtù ńlá ẹ̀yìn alternator ń gba iná tààrà láti ara bátìrì, kódà tí kọ́kọ́rọ́ wà lápò yín. Bí sípánà yín bá kàn án tó tún kan irin ọkọ̀, iná tí yóò ṣẹ́ níbẹ̀ lè yọ́ ẹnu sípánà.

Ẹ fi fóònù ya àwòrán ọ̀nà tí bẹ́líìtì gbà yí gbogbo púlì ká. Bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló ń gbé alternator, AC, pawa sitíà àti páńpù omi nínú ọkọ̀ yìí, ẹni tó bá gbé e gba ibi tí kò yẹ á sọ̀rọ̀ púpọ̀ kó tó rántí. Ẹ fi 19 sórí tẹ́ńṣọ́nà, irin tó ń fa bẹ́líìtì le, kí ẹ yí i sápá ọ̀tún, ẹ fà á ṣinṣin láìjá a, bẹ́líìtì á dẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ kejì bọ́ ọ kúrò lórí púlì alternator. Ẹ rọra dá tẹ́ńṣọ́nà padà. Ẹ má jẹ́ kó fò padà fúnra rẹ̀.

Púlọ́ọ̀gì ẹ̀yìn ni kó tẹ̀ lé e. Ike rẹ̀ ti gbẹ nínú ooru fún ọdún púpọ̀, nítorí náà ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ahọ́n rẹ̀ wọlé pátápátá kí ẹ tó fà á, ara púlọ́ọ̀gì ni kí ẹ sì dì mú, kì í ṣe wáyà. Bí ahọ́n náà bá kán, púlọ́ọ̀gì á máa yọ fúnra rẹ̀ lórí gẹ́ẹ́lọ́ọ̀pù, ẹ ó sì padà síbi iná pupa yìí láìpẹ́. Ẹ ṣí ọmọrí rọ́bà orí bóòtù ńlá, ẹ tú nọ́ọ̀tì rẹ̀, ẹ yọ wáyà tó nípọn.

Bóòtù méjì ló dì í mú: ọ̀kan orí 12, ọ̀kan orí 14. Ẹ fín epo ìpẹtà sí wọn, ẹ jẹ́ kó jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí bóòtù méjèèjì bá ti jáde, alternator lè má tíì fẹ́ kúrò; òrùka irin tó wà ní etí rẹ̀ ti fún mọ́ ibi tó jókòó. Ẹ mì í lọ sókè sódò. Ẹ má fi irin lu ilé rẹ̀, nítorí alumíníọ̀mù ni, etí rẹ̀ tó bá sán kò ṣeé jó lẹ́yìn náà kó pẹ́.

Nínú ọkọ̀ tó ti dàgbà, tí kò ní tẹ́ńṣọ́nà tó ń fa ara rẹ̀, ẹ ó tú bóòtù ìsàlẹ̀ díẹ̀, ẹ ó tú èyí tó wà lójú ihò gígùn lókè, ẹ ó ti alternator sọ́dọ̀ ẹ́ńjìnì, bẹ́líìtì á sì bọ́.

Ṣé àtúnṣe ni àbí pípààrọ̀?

Ó dá lórí ohun tó bàjẹ́. Búrọ́ṣì nìkan? Ẹ tún un ṣe, owó kékeré ni. Ẹ tú ìbòrí ẹ̀yìn, ẹ yọ ilé búrọ́ṣì. Nínú ọ̀pọ̀ alternator Toyota, búrọ́ṣì tuntun máa ń yọ sí nǹkan bí 10.5 mm, bó bá ti ku 1.5 mm, ó ti tán. Ríwáyà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, á fi lẹ́ẹ̀dì jó tuntun mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n sábà máa ń bàjẹ́ níbí ni pé wọ́n á há búrọ́ṣì tó tóbi sínú ihò rẹ̀: bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ wọlé tí kò padà jáde fúnra rẹ̀ wéré, ẹ má gbà á. Ẹ wo òrùka bàbà méjèèjì náà. Bí wọ́n bá dúdú, sáńpépà 400 tó wẹ́ ni kí wọ́n fi kùn ún yí ká, kì í ṣe èyí tí kápẹ́ńtà fi ń ha pákó. Bí búrọ́ṣì bá ti jẹ òrùka títí tó fi di kòtò, ọ̀rọ̀ ti kọjá búrọ́ṣì.

Rótọ̀: ẹ gbé mítà sí óòmù, ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan òrùka méjèèjì. Nǹkan bí 2 sí 5 óòmù ló yẹ kó kọ. Láti òrùka sí ara irin rótọ̀, mítà gbọ́dọ̀ fi hàn pé iná kò kọjá rárá. Rótọ̀ tó bá já tàbí tó ń da iná sára irin, ẹ jù ú nù.

Régúlétọ̀ àti dáyóòdù ṣeé pààrọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹ bá rí irú tirẹ̀ gan-an. Bẹ́árìn náà bẹ́ẹ̀. Ẹ ka nọ́ńbà ara rẹ̀, ẹ ra èyí tó ní rọ́bà lójú méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí sítétọ̀ bá ti jó, tí wáyà rẹ̀ dúdú tó ń rùn bíi ẹ̀wà tó jó mọ́ ìkòkò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wé e tuntun fún yín. Èyí tí wọ́n fọwọ́ wé kì í sábà gba ooru bíi ti ilé iṣẹ́. Ẹ ra odidi.

Ríra

Ẹ gbé èyí tó kú dání lọ. Ẹ fi wọ́n síra wọn lórí káńtà kí ẹ tó na owó: ṣé ihò bóòtù wọn ṣe déédéé? Ṣé púlọ́ọ̀gì ẹ̀yìn rí bákan náà, pẹ̀lú iye ẹsẹ̀ kan náà? Ẹ ka ìlà púlì. Mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà tàbí méje ni, bẹ́líìtì yín kò sì ní gbà ju iye tirẹ̀. Lójú pátákó kékeré ara rẹ̀, 12 V ni kẹ́ ẹ rí, nítorí 24 V jẹ́ ti ọkọ̀ akẹ́rù. Iye A rẹ̀, bíi 80 tàbí 100, kò gbọdọ̀ kéré sí ti àtijọ́. Bó bá pọ̀ díẹ̀ jù ú lọ, kò léwu.

Ẹ fọwọ́ yí púlì rẹ̀. Kó yí wọ́ọ́rọ́wọ́, kó má hó, kó má mì sọ́tùn-ún sósì. Ẹ yọjú wo ihò ẹ̀yìn: iyẹ̀pẹ̀ pupa tó há síbẹ̀ tàbí ìpẹtà tó wúwo túmọ̀ sí pé omi ti mù ún rí. Ẹ ní kí wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán an wò, níbi tí ẹ ti lè fojú rí fóòtì rẹ̀. Ẹ gba rìsíìtì tí wọ́n kọ iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà sí, kí ẹ sì fi máákà sàmì síbi kọ́lọ́fín ara rẹ̀, kí àríyànjiyàn má bàa wà pé èyí kọ́ la tà fún yín.

Dídá a padà

Ọ̀nà tí ẹ gbà yọ ọ́ ni ẹ ó gbà padà, lódìkejì. Ẹ fọwọ́ yí bóòtù méjèèjì wọlé díẹ̀ kí ẹ tó gbé sípánà, kí ẹnu wọn má bàa jẹ. Ẹni tó ní sípánà tó ń ka agbára: nǹkan bí 25 Nm fún orí 12, nǹkan bí 50 fún orí 14. Nọ́ọ̀tì wáyà ńlá ẹ̀yìn kò nílò ju nǹkan bí 10 Nm lọ. Ọwọ́ kan, sípánà kúkúrú, ó parí. Bí ẹ bá fi agbára yí i, bóòtù á yí nínú ike, ẹ sì ti ba ohun tuntun jẹ́. Bó bá sì dẹ̀, iná á máa ṣẹ́ níbẹ̀ títí wáyà yóò fi jó. Ẹ dá ọmọrí rọ́bà rẹ̀ padà.

Ẹ wo bẹ́líìtì lórí púlì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwòrán inú fóònù. Ìlà kan tó bá bọ́ sẹ́yìn púlì á gé bẹ́líìtì láàárín ọjọ́ díẹ̀. Fún ọkọ̀ tó ń fẹ́ kí a fọwọ́ fa bẹ́líìtì, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀ dáadáa: nǹkan bí 1 cm ló yẹ kó lọ sílẹ̀. Èyí tó bá le ju bẹ́ẹ̀ ń jẹ bẹ́árìn alternator àti ti páńpù omi. Bẹ́líìtì tuntun máa ń nà. Ẹ padà tẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì ló ń gbẹ̀yìn. Ẹ wo + àti – lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó gbé e lé e. Ìṣẹ́jú àáyá kan lódìlódì tó láti pa gbogbo dáyóòdù. Lẹ́yìn náà, ẹ padà ṣe ìdánwò 2, 3 àti 4 òkè yìí, kí ẹ kọ àwọn nọ́ńbà náà sílẹ̀.

Bí bátìrì bá ti kú nígbà tí alternator àtijọ́ ń ṣòjòjò, ẹ má fi jọ́ḿpà jí ọkọ̀ kí ẹ wá ní kí alternator tuntun kún un fún yín lójú ọ̀nà Ìkìrun. Yóò máa sa gbogbo agbára rẹ̀ nínú ooru fún ìgbà pípẹ́, dáyóòdù ló sì ń san gbèsè náà. Ẹ gbé bátìrì 60 Ah lọ ṣáàjì pẹ̀lú nǹkan bí 6 A fún wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá kí ẹ tó gbé e padà.

Ohun tó ń pa á nílùú wa

Omi àti epo ló ṣáájú. Rọ́bà abẹ́ tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà (ìbòrí orí ẹ́ńjìnì) tó ń jò á rọ epo sórí ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Epo á po mọ́ lẹ́búlẹ́bú kábọ́ọ̀nù, á di ẹrẹ̀ dúdú, búrọ́ṣì á há. Ẹ tún jíjò ṣe kí ẹ tó ra alternator, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó tún ra òmíràn. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ lọ fọ̀, ẹ fi náílọ́nù bo alternator kí wọ́n tó yìnbọn omi sínú ẹ́ńjìnì, kí ẹ sì yọ náílọ́nù kí ẹ tó jí ọkọ̀. Lásìkò òjò, ẹ má sáré gba inú àgbàrá.

Ní ọyẹ́, eruku tó wọ ihò ẹ̀yìn rẹ̀ ń dí ọ̀nà atẹ́gùn. Ẹ ní kí àwọn fọganáísà fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ jáde lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ́ńjìnì wà ní pípa. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ náà ń dá kún un: nígbà tí ọ̀nà Ọlá-Ìyá bá dí, pàápàá lóṣù August tí àlejò Ọ̀ṣun Òṣogbo kún ìlú, ẹ́ńjìnì ń rọra yí, AC sì ń fa iná, alternator kò rí atẹ́gùn tó. Ẹ dín fáànù kù díẹ̀. Ẹni tó gbé áńpílífáyà orin ńlá sí bùùtù, kó mọ̀ pé alternator 80 A kò mọ̀ pé òde ijó ni.

Bí páńẹ́lì bítà bá fẹ́ jó irin lára ọkọ̀ pẹ̀lú wẹ́dìnnì oníná, ẹ kọ́kọ́ yọ orí bátìrì méjèèjì àti púlọ́ọ̀gì ẹ̀yìn alternator. Ẹ má fi omi inú náílọ́nù kún bátìrì. Omi bátìrì ni kẹ́ ẹ rà.

Bí iná pupa bá sì tàn lójú ọ̀nà, ẹ kọ́kọ́ dúró wo bẹ́líìtì. Bó bá ti já nínú Corolla yìí, páńpù omi kò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ́ńjìnì á hó láìpẹ́: ẹ pa á síbẹ̀, kí ẹ wá ẹni tó máa fà á. Bí bẹ́líìtì bá wà níbẹ̀, ẹ pa AC, rédíò àti ṣájà fóònù, ẹ má sì pa ẹ́ńjìnì. Lọ́sàn-án, bátìrì tó kún lè gbé ọkọ̀ kékeré láti Gbọ̀ngán dé Òṣogbo. Lálẹ́, pẹ̀lú iná iwájú ní títàn, ẹ má gbójú lé e. Ibi tí iná bá wà tí ènìyàn sì wà ni kẹ́ ẹ yà sí.